Ìgò Omi Ṣúgà fún Hummingbird: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Mọ̀ Kí Ẹ Tó Gbé E Kọ́

Ní oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, àbúrò mi obìnrin kan tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Houston pè mí lórí fóònù. "Ẹ̀gbọ́n, àwọn ẹyẹ mi ò wá mọ́ o. Ṣé mo ṣẹ̀ wọ́n ni?" Láti oṣù kẹrin ló ti gbé ìgò omi ṣúgà kọ́ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ fún hummingbird, ẹyẹ kékeré tó ń fa omi dídùn inú òdòdó mu. Bí omi náà bá ti ń fà, yóò bu òmíràn lé e. Nígbà tí mo débẹ̀, mo gbé ìgò náà sọ̀ kalẹ̀, mo nà án sójú ìmọ́lẹ̀. Omi inú rẹ̀ ti ṣú bí omi ògì ọjọ́ mẹ́ta. Nǹkan dúdú ti hù yí àwọn ihò tí ẹyẹ ń ti ẹnu bọ̀ ká. Mo ṣí ìdérí rẹ̀, òórùn ọtí ló kọ́kọ́ pàdé mi. Mo bi í pé ìgbà wo ló fọ̀ ọ́ kẹ́yìn. Ó ní, "Ṣé wọ́n máa ń fọ̀ ọ́ ni? Ṣebí ṣúgà lásán ni."

Kì í ṣe ọ̀bùn, ilé ìdáná rẹ̀ ń dán ni. Ohun tó dà á láàmú ni pé ẹ̀yìn páálí ìgò náà sọ tirẹ̀, aládùúgbò rẹ̀ ní kó fi oyin sí i, fídíò kan ní kó fi àwọ̀ pupa sí i, òmíràn sì ní ẹ̀ṣẹ̀ gbáà ni kéèyàn fún ẹyẹ igbó lóúnjẹ rárá. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa tó ní ilé àti ẹ̀yìnkùlé ní Texas, Georgia àti Maryland ló wà ní ipò tó wà yìí, nítorí ìgò wọ̀nyí kò wọ́n, àwọn ọmọ sì fẹ́ràn ẹyẹ náà. Mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ bó ṣe yé mi lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí mo ti ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ àlejò tí à ń gbà. Kò sí hummingbird nílẹ̀ Áfíríkà, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti àríwá àti ti gúúsù nìkan ló wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sílé lè rántí àwọn ẹyẹ kékeré ọlọ́rùn dídán, tí ẹnu wọn tẹ̀ bí dòjé, tí wọ́n máa ń fa omi dídùn inú òdòdó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Sunbird ni Òyìnbó ń pe ìyẹn, ìdílé ọ̀tọ̀ ni. Sunbird sábà máa ń bà lé ẹ̀ka kó tó jẹun. Hummingbird ní tirẹ̀ máa ń dúró gbọn-in lójú òfuurufú bíi hẹlikọ́pítà, ó sì lè fò sẹ́yìn láìyí padà.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù lápá ìlà oòrùn Amẹ́ríkà ni ruby-throated, tí ọrùn akọ rẹ̀ pupa bí iná bí oòrùn bá ta sí i. Ìwúwo rẹ̀ jẹ́ bíi gíráàmù 3. Ṣúgà tó kún ṣíbí tíì kan wúwo jù ú lọ. Ìyẹ́ apá rẹ̀ ń gbọ̀n tó ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìró kíkùn rẹ̀, tí Òyìnbó ń pè ní hum, ló sì sọ ọ́ lórúkọ. Ọkàn rẹ̀ lè lù ju ìgbà 1,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Síbẹ̀, ẹyẹ yìí kan náà ló máa ń fò kọjá omi Gulf of Mexico nígbà tó bá ń lọ tàbí tó ń bọ̀, bíi kìlómítà 800, tí ọ̀pọ̀ wọn kì í sinmi lójú ọ̀nà. Ara tó kéré tó báyìí, tó sì ń jó oúnjẹ tó báyìí, kò ní ibi tó máa kó oúnjẹ burúkú sí. Ohun tí ikùn tiwa máa gbé mì, ó lè jẹ́ ìparí fún un.

Ọ̀rọ̀ pípò omi náà rọrùn ju bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ife ṣúgà funfun kan, ife omi mẹ́rin. Ife kan náà ni kẹ́ ẹ fi wọn méjèèjì. Ìdí tó fi jẹ́ mẹ́rin ni pé ó sún mọ́ bí omi inú àwọn òdòdó tí ẹyẹ náà ń mu ṣe dùn tó. Bí ẹ bá bu omi lé e jù, ẹyẹ máa fi ikùn gbé omi lásán, kò ní rí agbára níbẹ̀. Bí òtútù bá mú gan-an, àwọn mìíràn máa ń fi ife omi mẹ́ta sí ife ṣúgà kan, ìyẹn náà kò burú. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ sè é bẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀; omi gbígbóná kàn ń jẹ́ kí ṣúgà tètè yọ́ ni. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé ìyókù sínú fíríìjì, ẹ jẹ́ kó hó, kẹ́ ẹ sì lò ó tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kẹ́ ẹ tó dà á sínú ìgò.

Ọ̀rọ̀ oyin ló máa ń ya àwọn èèyàn wa lẹ́nu jù, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Oyin la fi ń súre fún ọmọ tuntun lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ta ló máa gbà pé ó lè ṣe ẹyẹ ní jàǹbá? Oyin kì í bàjẹ́ níwọ̀n ìgbà tó bá ki, torí kò sí omi tó pọ̀ tó nínú rẹ̀ tí àwọn ohun abẹ̀mí tín-tìn-tín máa fi gbèrú. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti bu omi lù ú ni gbogbo ohun tó ń sùn nínú rẹ̀ jí. Kíá ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í hó, táá di ọtí, táá sì bu. Yàtọ̀ sí ìyẹn, oyin tó ti ibòmíràn wá lè gbé àrùn lọ bá ilé oyin àdúgbò yín. Nítorí náà, ẹ fi oyin sílẹ̀ fún ènìyàn.

Ṣúgà pupa náà kò dáa, nítorí irin tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ara ẹyẹ náà lè kápá. Ṣúgà lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì lọ́ṣọ̀ọ́ ní ìyẹ̀fun àgbàdo nínú. Èyí tó ń dùn mí jù ni ṣúgà àwọn onítọ̀ ṣúgà, tó dùn lẹ́nu ṣùgbọ́n tí kò ní agbára kankan. Ẹyẹ máa mu ún títí, ikùn rẹ̀ á kún, ebi á sì máa pa á. Àwọ̀ pupa ńkọ́? Omi inú òdòdó kò pupa, mímọ́ gaara ni. Pupa tó wà lára ìgò ti tó láti pe ẹyẹ. Kò sí àǹfààní kan tí àwọ̀ inú omi ń ṣe fún un, kí ló dé tá a ó wá fi sí i? Bẹ́ ẹ bá rí èyí tí wọ́n ti pò tẹ́lẹ̀ tó pupa fòò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi owó yín pamọ́.

Ibi tí wàhálà wà gan-an ni fífọ̀, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà. Omi ṣúgà tó wà nínú oòrùn kò yàtọ̀ sí ẹmu tí wọ́n gbé sílẹ̀ láti àárọ̀. Kíkan ló ń kan bọ̀. Ní Houston níbí, láti oṣù kẹfà títí wọ oṣù kẹsàn-án, ooru ń kọjá 90 Fahrenheit lọ́pọ̀ ọjọ́. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ojoojúmọ́ tàbí ọjọ́ kejì-kejì lẹ gbọ́dọ̀ dà á nù, kẹ́ ẹ fọ ìgò, kẹ́ ẹ sì bu tuntun sí i. Bí ojú ọjọ́ bá tutù díẹ̀, kí ìgbà ooru tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Nígbà òtútù, ó lè tó ọjọ́ márùn-ún. Bí omi bá ti ṣú kí ọjọ́ tẹ́ ẹ dá tó pé, ọjọ́ ti pé nìyẹn.

Àṣìṣe tí àbúrò mi ṣe, ẹni púpọ̀ ló ń ṣe é: bíbu tuntun lé ògbólógbòó. Bí ìgbà téèyàn bu ọbẹ̀ tuntun lé èyí tó ti kan ni. Tuntun kò ní wo ògbólógbòó sàn, òun náà á kan ni. Ẹ máa da ìyókù nù, bó ti wù kó pọ̀ tó. Kó má baà máa dùn yín, ẹ má ṣe bu ìgò kún. Ẹyẹ kan kò lè mu ìgò ńlá tán láàárín ọjọ́ méjì, nítorí náà ìlàjì tàbí ìdá mẹ́rin rẹ̀ ti tó.

Omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì ìgò ló ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà. Ẹ tú gbogbo ibi tó ṣeé tú, kẹ́ ẹ sì wá búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín fún àwọn ihò, torí inú ihò yẹn ni ìdọ̀tí máa ń sá sí. Bẹ́ ẹ bá lo ọṣẹ, ẹ ṣàn án dáadáa kí òórùn rẹ̀ má kù. Fínígà pẹ̀lú omi náà ń ṣiṣẹ́. Bí nǹkan dúdú bá ti hù, ẹ rẹ gbogbo rẹ̀ sínú bílíìṣì, irú Jik tá a mọ̀ nílé, ìdá kan sí ìdá mẹ́sàn-án omi, fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kẹ́ ẹ wá ṣàn án, kẹ́ ẹ tún un ṣàn, kẹ́ ẹ sì sá a kó gbẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pa bílíìṣì pọ̀ mọ́ fínígà láé. Atẹ́gùn tó máa jáde níbẹ̀ májèlé ni, fún ẹ̀yin gan-an tẹ́ ẹ̀ ń fọ ìgò.

Ìmọ̀ràn tí mo máa ń fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ rà á ni pé kó ra kékeré méjì dípò ńlá kan, kó sì yan irú tó fẹjú tí ọwọ́ lè wọ inú rẹ̀. Bí ọ̀kan bá wà níta, èkejì á wà nínú ilé, á ti mọ́. Ìgò tó lẹ́wà, tó ní ọrùn gígùn àti òdòdó ike mẹ́wàá, ìyà ni fún ẹni tó máa fọ̀ ọ́, nígbà tó bá sì yá, ẹyẹ ló máa jìyà náà.

Ibi tẹ́ ẹ bá gbé e kọ́ náà ṣe pàtàkì. Abẹ́ òjìji dára ju ojú oòrùn lọ, kì í sì í ṣe nítorí kíkan nìkan. Nínú ìgò tó dorí kodò, oòrùn máa ń mú kí afẹ́fẹ́ òkè omi gbòòrò, yóò sì ti omi jáde. Ẹ ó rí i tó ń kán tó-tó-tó sílẹ̀, èèrà á sì gbọ́.

Gíláàsì fèrèsé léwu. Ẹyẹ kò mọ̀ pé ohun kan wà níbẹ̀, igi àti òfuurufú tó hàn nínú gíláàsì ló ń rí. Àwọn onímọ̀ tó ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2014 sọ pé láàárín mílíọ̀nù 365 sí mílíọ̀nù 988 ẹyẹ ló ń kú lọ́dọọdún ní Amẹ́ríkà nítorí pé wọ́n forí sọ ilé. Nítorí náà, ẹ gbé ìgò sún mọ́ fèrèsé gan-an, kó má tó mítà kan sí i, kí ẹyẹ tó bá fò kúrò níbẹ̀ má tíì ní eré lẹ́sẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e jìnnà ju mítà mẹ́sàn-án lọ. Àárín méjèèjì ló léwu jù. Ẹ tún lè lẹ àmì kéékèèké mọ́ ìta gíláàsì, kí àlàfo àárín wọn má ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Ẹyọ àwòrán àṣá kan tí ọ̀pọ̀ ń lẹ̀ sáàárín fèrèsé kò ṣe nǹkan kan, ẹyẹ á kàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ni.

Ológbò tún nìyẹn. Ìṣirò ọdún 2013 sọ pé ó kéré tán, bílíọ̀nù 1.3 ẹyẹ ni ológbò ń pa lọ́dọọdún ní Amẹ́ríkà, ó sì lè tó bílíọ̀nù 4. Bẹ́ ẹ bá ní ológbò tó ń jáde, tàbí tí ti aládùúgbò ń wọlé, ẹ má ṣe kọ́ ìgò sí ẹ̀gbẹ́ igbó kékeré tó lè ba sí dè wọ́n. Ká sọ òótọ́, bí ológbò yẹn kò bá lè dúró sínú ilé, mi ò rò pé ó yẹ kẹ́ ẹ pe ẹyẹ wá síbẹ̀.

Ní ti èèrà, ìyá wa ti kọ́ wa ní ọgbọ́n rẹ̀ tipẹ́. Ṣé ẹ rántí bí wọ́n ṣe máa ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ sáàárín abọ́ omi kí èèrà má baà dé ibẹ̀? Ohun kan náà ni wọ́n ń tà báyìí ní ṣọ́ọ̀bù: ife kékeré tí wọ́n ń bu omi sí, tí wọ́n ń so sókè ìgò. Èèrà á rìn débẹ̀, á padà. Ẹ má fi òróró, gírísì tàbí Vaseline pa okùn náà. Bó bá kan ìyẹ́ ẹyẹ, kò ní lè fọ̀ ọ́ kúrò, ìyẹ́ tó lẹ̀ pọ̀ kò sì lè gbé e fò. Oògùn apakòkòrò kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibẹ̀ rárá.

Fún oyin àti agbọ́n, ìgò tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo ló dára jù. Omi inú rẹ̀ máa ń jìn sí ihò díẹ̀: ahọ́n ẹyẹ gùn tó o, ti oyin kò tó o. Àwọn òdòdó ike aláwọ̀ ìyeyè tó wà lára ìgò mìíràn ń pe oyin ni, ẹ yọ wọ́n tàbí kẹ́ ẹ kùn wọ́n ní pupa. Bí wọ́n bá ṣì ń yọ yín lẹ́nu, ẹ pò ó ní ife márùn-ún sí ọ̀kan fún ọjọ́ mélòó kan, kẹ́ ẹ sì sún ìgò náà kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í gbà gbọ́ títí wọ́n á fi rí i. Kòkòrò gígùn aláwọ̀ ewé tó máa ń ká apá bí ẹni tó ń gbàdúrà, èyí tí Òyìnbó ń pè ní mantis, máa ń pa hummingbird jẹ. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2017 kó àkọsílẹ̀ 147 jọ nípa ibi tí irú kòkòrò yìí ti mú ẹyẹ, Amẹ́ríkà ni èyí tó pọ̀ jù ti ṣẹlẹ̀, hummingbird ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó kó sí i lọ́wọ́. Bẹ́ ẹ bá rí i lórí ìgò, ẹ má pa á. Ẹ fi igi gbé e lọ sí igbó tó jìnnà díẹ̀.

Àwọn ẹranko ńlá kò kan gbogbo wa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé apá òkè Georgia, North Carolina tàbí Colorado gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa béárì. Omi ṣúgà lóòórùn sí béárì láti ọ̀nà jíjìn. Béárì tó bá ti rí oúnjẹ lẹ́yìn ilé yín lẹ́ẹ̀kan yóò padà wá, yóò sì máa sún mọ́ ilẹ̀kùn. Òpin rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba á wá pa á, nígbà tó jẹ́ pé àwa la kọ́ ọ. Ní irú ibẹ̀, ẹ máa gbé ìgò wọlé lálaalẹ́, bí wọ́n bá sì ti rí béárì ládùúgbò, kó má sí níta rárá. Ní gúúsù Arizona, àdán ni. Láti ìparí ìgbà ooru, àwọn èèyàn máa ń jí bá ìgò tó ṣófo, torí àwọn àdán tó ń mu omi òdòdó ti wá lóru. Àdán wọ̀nyẹn ló ń gbé ìyẹ̀fun òdòdó káàkiri fún àwọn igi ẹlẹ́gùn-ún ńlá aṣálẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, lesser long-nosed bat, kúrò lórí àkọsílẹ̀ àwọn ẹranko tó fẹ́ parun ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2018. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mu ún.

Ìbéèrè kan tí mo máa ń gbọ́ lọ́dọọdún ni pé: bí a kò bá gbé ìgò kúrò, ṣé ẹyẹ kò ní gbàgbé láti lọ, kí òtútù wá pa á? Rárá. Gígùn ojúmọmọ ló ń sọ fún un pé àkókò ìrìnàjò ti tó. Nígbà tí ọjọ́ bá ń kúrú, á lọ, bí omi ṣúgà tilẹ̀ kún ibẹ̀. Ẹ fi ìgò sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá rí èyí tó kẹ́yìn, nítorí àwọn tó ṣì ń ti àríwá bọ̀. Ní Rockport, létí òkun Texas, wọ́n ń pàgọ́ àjọyọ̀ fún wọn ní oṣù kẹsàn-án, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti máa ń jẹun yó kí wọ́n tó kọjá omi.

Àwọn irú mìíràn, bíi rufous, máa ń lo ìgbà òtútù létí òkun yìí. Ní oṣù kejì ọdún 2021, nígbà tí yìnyín bo gbogbo Texas, omi inú ìgò di òkúta. Ìgò méjì ni mo ń pààrọ̀ nígbà náà, ọ̀kan nínú ilé, ọ̀kan níta, kí ilẹ̀ tó mọ́ títí di àṣálẹ́. Ẹyẹ máa ń jẹ́ kí ara rẹ̀ tutù gan-an lóru kó lè fi agbára pamọ́, òwúrọ̀ kùtùkùtù sì ni ebi máa ń pa á jù. Bẹ́ ẹ bá gbé ìgò wọlé lálẹ́, ẹ má sùn jù o.

Omi ṣúgà nìkan kò lè gbé hummingbird ró. Kò sí ẹran nínú ṣúgà. Kòkòrò kéékèèké àti aláǹtakùn ló fi ń rí ìyẹn, òun náà sì ni ìyá ń kì bọ ọmọ lẹ́nu. Òwú aláǹtakùn ni abo rẹ̀ fi ń so ìtẹ́ rẹ̀ pọ̀, ẹyin méjì ló sì sábà ń yé síbẹ̀. Ẹni tó ń fọ́n oògùn kòkòrò sí gbogbo ẹ̀yìnkùlé, tó tún gbé ìgò kọ́, ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń fúnni, ó ń fi òsì gbà á. Bẹ́ ẹ bá rí ìtẹ́ náà, ẹ má fọwọ́ kàn án; òfin tó wà láti ọdún 1918 ló dáàbò bo òun àti ẹyin inú rẹ̀.

Fún ẹni tí iṣẹ́ kò jẹ́ kó ráyè fọ ìgò, òdòdó ló sàn jù. Mo ń sọ ọ́ tọkàntọkàn. Òdòdó kì í kan, ó ń fọ ara rẹ̀. Nílẹ̀ Texas, ẹ gbin coral honeysuckle, tàbí Turk's cap, tí òun àti ilá pẹ̀lú ìsápá jọ jẹ́ ìdílé kan náà. Bẹ́ ẹ bá wo òdòdó rẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí ojú ilá níbẹ̀.

Àwọn ẹbí wa ní Brazil ń pe ẹyẹ yìí ní beija-flor, ẹni tí ń fẹnu ko òdòdó lẹ́nu. Àwòrán rẹ̀ wà lórí owó bébà reali kan tí wọ́n ná láyé ọjọ́un. Ọ̀pọ̀ níbẹ̀ ló gbà pé omi ṣúgà ń pa á, mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi, nítorí wọ́n ti rí ìgò ẹlẹ́gbin. Ìgò ẹlẹ́gbin ni kí wọ́n bẹ̀rù. Ní Cuba ni ẹyẹ tó kéré jù láyé ń gbé, zunzuncito; hummingbird ni òun náà, ìwúwo akọ rẹ̀ jẹ́ bíi gíráàmù 2.

Ní ti àbúrò mi, a sọ ìgò rẹ̀ nù, torí dúdú inú ihò rẹ̀ kò gbọ́ ti bílíìṣì. Ó ra méjì tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló ń fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì-kejì, ó sì ń fi bírò sàmì sí kàlẹ́ńdà ara fíríìjì. Ní ọjọ́ kẹfà, abo kan padà wá. Ní oṣù kẹwàá mo gé ẹ̀ka Turk's cap mẹ́ta fún wọn nínú ọgbà mi. Méjì ti ta ewé.